Wáráńtì ọkọ̀ tí wọ́n fi irọ́ tà fún yín: ọ̀nà wo ni kí ẹ gbà kí owó yín lè padà?

Àbúrò ìyàwó mi ń fi ọkọ̀ ṣe kábù ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó lọ ra ọkọ̀ àlòkù oníjókòó méje kan, ohun àkọ́kọ́ tó sọ fún díílà ni pé iṣẹ́ ni òun fẹ́ fi ṣe, kò fi pamọ́. Díílà ní kò burú, ó sì ní kó fi wáráńtì ọlọ́dún méjì kún un, £899, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Káàdì kírẹ́dítì ló fi san án. Nígbà tó di oṣù keje, gíábọ́ọ̀sì kọṣẹ́. Ó pe nọ́ńbà tó wà lára ìwé wáráńtì. Obìnrin tó gbé fóònù kọ́kọ́ kí i dáadáa, ó wá béèrè pé ṣé ó máa ń fi ọkọ̀ náà gbé èrò. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Obìnrin náà ní kó ṣí ojú ewé kọkànlá. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, lẹ́tà wínníwínní: ọkọ̀ tí wọ́n bá fi ń gba owó lọ́wọ́ èrò kò sí nínú àdéhùn yìí.

Ẹni tó ta ìwé náà fún un mọ̀ pé kábù ni. Ohun tí wọ́n ń pè ní mis-selling ní Ìlú Ọba nìyẹn. Kì í ṣe pé ọjà náà bàjẹ́. Ọjà náà kò wúlò fún ẹni tí wọ́n tà á fún, tàbí kí ó jẹ́ pé irọ́ ni wọ́n fi tà á. Bí díílà bá sọ pé ẹ kò ní rí ọkọ̀ àwìn gbà àyàfi tí ẹ bá ra wáráńtì, irọ́ ni. Bó bá sọ pé kò sí ohun tí kò sí nínú rẹ̀, irọ́ ni: ohun tó bá gbó nítorí ìlò ọjọ́ pípẹ́ kì í sábà sí níbẹ̀. Àwọn míì ra Kia tí wáráńtì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ọdún méje tàbí 100,000 máìlì, ṣì ní ọdún mẹ́rin lára, díílà sì tún ta òmíràn lé e. Ti Toyota náà wà níbẹ̀: tí ẹ bá ń gbé ọkọ̀ lọ fún sáfíìsì lọ́dọ̀ díílà wọn, sáfíìsì kọ̀ọ̀kan ń fi oṣù 12 kún wáráńtì, títí ọkọ̀ yóò fi pé ọdún mẹ́wàá tàbí 100,000 máìlì. Ẹni tó bá ta wáráńtì fún yín láìsọ èyí ń ta omi fún ẹni tó dúró sínú odò.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ o. Òfin Amẹ́ríkà yàtọ̀, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Houston, ẹ má gbé èyí lọ bá díílà yín.

Ọ̀nà pọ̀, wàhálà sì ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí èyí tí kò yẹ lè fi oṣù mẹ́ta ṣòfò. Ohun mẹ́ta ni ẹ máa kọ́kọ́ wò: ọjọ́ tí ẹ rà á, irú ìwé tó jẹ́ (ìnṣọ́ránsì ni, tàbí ìlérí ilé-iṣẹ́ lásán), àti ohun tí ẹ fi san owó. Ẹ kó ìwé jáde, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó.

Kí ẹ fagi lé e, tàbí kí ẹ fẹ̀sùn kàn wọ́n?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀kan náà ni méjèèjì. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Tí ẹ bá ń fagi lé wáráńtì, ohun tí ẹ ń sọ ni pé ẹ kò fẹ́ ẹ mọ́. Kò sí ẹni tí yóò bi yín ní ìdí. Bí ìwé náà bá jẹ́ ìnṣọ́ránsì, ọjọ́ 14 ni òfin fún yín láti yí ọkàn padà. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí fóònù ni ẹ ti rà á, ọjọ́ 14 náà ni, kódà bí kò bá jẹ́ ìnṣọ́ránsì. Ṣùgbọ́n wáráńtì tí kì í ṣe ìnṣọ́ránsì, tí ẹ jókòó rà ní ọ́fíìsì díílà, kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nínú òfin. Ohun tí ìwé àdéhùn bá sọ labẹ gé. Mo ti gbọ́ táwọn kan ń sọ pé ọjọ́ 45 ni. Òfin ọjọ́ 45 wà lóòótọ́, láti ọdún 2005, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ iná inú ilé ló wà fún, fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n. Kò kan ọkọ̀.

Tí ọjọ́ 14 bá ti kọjá, ọ̀pọ̀ àdéhùn gbà kí ẹ fagi lé e, oṣù tó ṣẹ́ kù ni wọ́n á ṣírò. Ẹ wo ti àbúrò ìyàwó mi: oṣù 17 ló kù nínú 24, nítorí náà owó rẹ̀ tó £637. Wọ́n ní àwọn máa yọ £50 fún iṣẹ́ ìwé, ó ku £587. Ó fẹ́ gbà á. Èmi ni mo ní kó dúró díẹ̀.

Ìdí ni pé tí ẹ bá fẹ̀sùn kàn wọ́n, ohun tí ẹ ń sọ ni pé kò yẹ kí wọ́n tà á fún yín rárá. Bí wọ́n bá dá yín láre, gbogbo £899 ló ń padà, wọ́n sì sábà máa ń fi èlé kún un. Nínú ìwé £587 yẹn, gbólóhùn kan wà nísàlẹ̀ pé owó yìí parí gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wọn. Ẹni tó bá fọwọ́ sí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ti ta ẹjọ́ rẹ̀ ní £587. Tí owó bá le, tí ẹ ní láti fagi lé e lónìí, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ pa gbólóhùn yẹn rẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ímeèlì pé ẹ ṣì ń fẹ̀sùn kàn wọ́n lórí bí wọ́n ṣe tà á.

Ohun kan tún wà fún àwọn tó fi wáráńtì kún owó ọkọ̀ àwìn: owó tó bá padà lè má wọ àpò yín. Ó lè lọ tààrà sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ fáínáǹsì láti dín gbèsè yín kù. Kò burú, àmọ́ ẹ béèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an lọ́kàn.

Tí ọjọ́ 14 kò bá tíì pé, ẹ fagi lé e, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Tó bá ti kọjá tí irọ́ sì wà nídìí ọ̀rọ̀, ẹ̀sùn ni kí ẹ gbé síwájú.

Ta ni kí ẹ fẹ̀sùn kàn: ẹni tó kọ̀ láti san, tàbí ẹni tó tà á?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú. Inú a máa bí wọn sí ilé-iṣẹ́ tó kọ̀ láti tún ọkọ̀ ṣe, ibẹ̀ ni wọ́n á kọ̀wé sí. Ilé-iṣẹ́ náà á fèsì, á tọ́ka sí ojú ewé kọkànlá, á sì jàre. Lóòótọ́ ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.

Ẹni tó jẹ̀bi ni ẹni tó gbọ́ pé kábù ni, tó sì tún tà á. Nítorí náà díílà ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà "complaint" sórí rẹ̀ gàdàgbà, nítorí pé ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé ọwọ́ wọn ni a ó ti máa ka ọ̀sẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ sọ fún wọn, ohun tí wọ́n sọ fún yín, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, àti iye tí ẹ fẹ́ gbà. Ojú ewé kan tó. Mo rí lẹ́tà tí àbúrò ìyàwó mi kọ́kọ́ kọ: ojú ewé mẹ́rin, ìdajì rẹ̀ jẹ́ èpè.

Ẹ̀rí ńkọ́? Òun rò pé òun kò ní ẹ̀rí kankan, pé ẹnu lásán ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Ó wá rántí pé òun fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí díílà náà ní ọjọ́ méjì kó tó lọ, tó ń béèrè bóyá ọkọ̀ náà máa yege àyẹ̀wò fún láísẹ́ǹsì kábù. Àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn nìkan tó. Bí ẹ kò bá ní irú rẹ̀, ẹ lè kọ̀wé béèrè gbogbo ohun tí díílà ní lọ́wọ́ nípa yín, títí kan ohùn yín tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí fóònù. Oṣù kan ni òfin fún wọn láti kó o jáde, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ombudsman méjì: èwo ni tiyín?

Bí díílà bá kọ̀, tàbí tí ọ̀sẹ̀ 8 bá pé láìsí èsì gidi, ẹ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ ombudsman, ìyẹn onílàjà tó ń dá ẹjọ́ láàárín oníbàárà àti ilé-iṣẹ́ láìdé kóòtù. Orúkọ méjì ni ẹ máa gbọ́: Financial Ombudsman Service àti The Motor Ombudsman. Wọ́n jọra lójú, wọ́n yàtọ̀ níṣẹ́.

Ti àkọ́kọ́ ń gbọ́ ẹjọ́ ìnṣọ́ránsì, báńkì àti fáínáǹsì. Òfin ló gbé e kalẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó bá wà lábẹ́ FCA, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ owó ní Ìlú Ọba, kò lè sọ pé òun kò dá a mọ̀. Tí ẹ bá gba ìdájọ́ rẹ̀, dandan ni kí ilé-iṣẹ́ náà tẹ̀ lé e. Tí ẹ kò bá gbà á, ẹ ṣì lè lọ sí kóòtù. Láàárín oṣù mẹ́fà tí ilé-iṣẹ́ fún yín ní èsì ìkẹyìn ni kí ẹ dé ibẹ̀. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n tà á ni gbèdéke ẹ̀sùn fúnra rẹ̀, tàbí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tó yẹ kí ẹ ti mọ̀ pé wọ́n rẹ́ yín jẹ, èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì.

Ti kejì, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nìkan ló ń gbọ́: bí wọ́n ṣe tà á, bí wọ́n ṣe tún un ṣe, àti wáráńtì tí kì í ṣe ìnṣọ́ránsì. Ọ̀fẹ́ lòun náà. Ṣùgbọ́n díílà tó bá fẹ́ ló ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Bí díílà yín kò bá sí nínú ìwé orúkọ wọn, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe fún yín. Ẹ yẹ ìkànnì wọn wò kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ìnṣọ́ránsì ni ìwé yín? Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ owó-orí sí. Bí ẹ bá rí "Insurance Premium Tax" tàbí IPT, ìnṣọ́ránsì ni. Bí VAT ló wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìlérí ilé-iṣẹ́ lásán. Ẹ má fi iye rẹ̀ ṣe àmì, nítorí pé IPT lórí ìnṣọ́ránsì tí díílà bá tà pẹ̀lú ọkọ̀ jẹ́ 20%, bíi ti VAT gan-an. Orúkọ ni kí ẹ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ wá orúkọ ilé-iṣẹ́ náà àti ti díílà nínú ìwé orúkọ FCA lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìyàtọ̀ yìí tún kan ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá wọ gbèsè. Bí adójútòfò bá kógbá sílé, owó ìrànwọ́ FSCS máa ń san 90% irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ ìlérí lásán bá kógbá sílé, ẹ ó tò sẹ́yìn àwọn yòókù tí ilé-iṣẹ́ náà jẹ ní gbèsè, ẹni tó bá wà lẹ́yìn níbẹ̀ kì í sábà rí nǹkan gbà.

Ẹ̀yin oníkábù, òfin ilẹ̀ yìí kì í fi ojú oníbàárà lásán wo ẹni tó ra nǹkan fún òwò, nítorí náà àwọn ẹ̀tọ́ kan lè bọ́ lọ́wọ́ yín. Financial Ombudsman kò ti ilẹ̀kùn mọ́ yín: ẹni tó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe, tàbí ilé-iṣẹ́ kékeré tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pé mẹ́wàá tí owó tó ń wọlé fún un kò sì ju mílíọ̀nù méjì yúrò lọ́dún, lè gbé ẹjọ́ wá.

Káàdì: Abala 75 tàbí chargeback?

Bó bá jẹ́ káàdì kírẹ́dítì ni ẹ fi san, ẹ ní ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbé pé àwọn ní. Abala 75 nínú òfin àwìn ọdún 1974 sọ báńkì yín di alájọjẹ̀bi pẹ̀lú ọlọ́jà. Bí ọlọ́jà bá purọ́ fún yín tàbí tó ba àdéhùn jẹ́, ẹ lè gba owó lọ́wọ́ báńkì tààrà. Ọjà náà gbọ́dọ̀ ju £100 lọ, kò sì gbọdọ̀ ju £30,000. Kódà bí ẹ bá fi káàdì san £1 péré nínú rẹ̀, gbogbo owó ọjà náà ló wà lábẹ́ ààbò.

Chargeback ńkọ́, tí báńkì fi ń fa owó tí ẹ san padà lọ́wọ́ ọlọ́jà? Ìyẹn kì í ṣe òfin, ìlànà àwọn oníkáàdì ni, Visa àti Mastercard. Ó ṣiṣẹ́ fún káàdì débíìtì náà, kò sì ní iye tó kéré jù. Àmọ́ ọjọ́ 120 ni ó sábà máa ń jẹ́, díílà sì lè takò ó kí báńkì sì gba owó náà padà lọ́wọ́ yín. Ó yá ju Abala 75 lọ, agbára rẹ̀ ni kò tó o. Tí ẹ bá ní káàdì kírẹ́dítì, tí owó sì ju £100 lọ, ẹ sọ fún báńkì ní gbangba pé Abala 75 ni ẹ ń béèrè. Bí ẹ kò bá dárúkọ rẹ̀, chargeback ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé fún yín.

Ibi tó ti máa ń dàrú ni orúkọ. Àbúrò ìyàwó mi gbé rìsíìtì káàdì síwájú báńkì: orúkọ díílà ló wà lórí rẹ̀. Ìwé wáráńtì: orúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn. Báńkì ní ẹni tó gba owó kọ́ ló ṣe àdéhùn pẹ̀lú rẹ̀, okùn ti já. Kí ẹ tó kọ̀wé, ẹ gbé ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí orúkọ bá jọra, ọ̀nà káàdì ni mo máa gbé síwájú gbogbo ìyókù. Bí wọn kò bá jọra, ẹ má fi ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin tí wáráńtì yín kì í ṣe ìnṣọ́ránsì, tí díílà yín kò sì sí lọ́dọ̀ The Motor Ombudsman, ẹ gbọ́ èyí: bí báńkì bá kọ Abala 75 yín, báńkì wà lábẹ́ FCA. Ẹ lè fi ẹ̀sùn kan báńkì fúnra rẹ̀, kí ẹ sì gbé e dé Financial Ombudsman. Ọ̀nà tí díílà dí mọ́ yín, báńkì ti ṣí i. Bákan náà ni fún ọkọ̀ àwìn: Abala 56 nínú òfin kan náà ka ọ̀rọ̀ tí díílà sọ kí ẹ tó fọwọ́ síwèé sí bí ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ fáínáǹsì.

Kóòtù kékeré, tàbí àwọn "ẹ jẹ́ ká bá yín gbà á"?

Kóòtù ni mo máa ń fi sí ìkẹyìn, kì í ṣe nítorí pé ó burú. Ní England àti Wales, ẹjọ́ tí kò ju £10,000 lọ ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. Ní Scotland, £5,000. Ẹ kò nílò lọ́yà. Ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà ìkìlọ̀, ẹ fún díílà ní ọjọ́ 14, lẹ́yìn náà ẹ ṣí ẹjọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2024, ní England àti Wales, ẹ ní láti kọ́kọ́ ṣe ìlàjà orí fóònù wákàtí kan, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ díílà máa ń san níbẹ̀, wọn kì í fẹ́ lo ọjọ́ kan nínú kóòtù nítorí £899. Ṣùgbọ́n ẹ ó san owó ìṣẹjọ́ ṣáájú, bí ẹ bá sì pàdánù, ó lọ nìyẹn. Ombudsman kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ bá jàre tàbí ẹ bá jẹ̀bi.

Àwọn tó ń pe yín lórí fóònù tàbí tó ń polówó lórí Facebook pé àwọn á bá yín gba owó wáráńtì padà ńkọ́? Ìdá ni wọ́n ń mú. Fún irú ẹjọ́ tí Financial Ombudsman lè gbọ́, FCA ti fi òté lé iye tí wọ́n lè gbà láti ọdún 2022: bí owó tó padà kò bá tó £1,500, 30% ni òkè, kò sì gbọdọ̀ ju £420 lọ. Nínú £899, ìyẹn £269.70, fún lẹ́tà ojú ewé kan àti fọ́ọ̀mù kan tí ọmọ yín tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì lè bá yín kún. Bí ara yín kò bá yá, tàbí tí ìwé kíkọ jẹ́ ẹrù fún yín, mo mọ̀ pé ẹ lè gbà fún wọn. Citizens Advice náà ń ràn ènìyàn lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má san kọ́bọ̀ ṣáájú fún ẹnikẹ́ni tó pe yín láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ pè é.

Ní ti àbúrò ìyàwó mi, ìwé rẹ̀ ní IPT lára, díílà rẹ̀ sì wà nínú ìwé orúkọ FCA. A pa lẹ́tà ojú ewé mẹ́rin tì, a kọ ti ojú ewé kan, a sì fi fọ́tò àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn sí i. Ọ̀sẹ̀ kìíní dé ìkẹfà, kò sí èsì. Ní ọ̀sẹ̀ keje ó fi ímeèlì ìlà méjì ránṣẹ́ pé ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kó kọjá sọ́dọ̀ Financial Ombudsman. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀, £899 wọlé, kò sí àlàyé, kò sí ẹ jọ̀ọ́. Gíábọ́ọ̀sì náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ láti tún ṣe.